Iná Ìbídùn Tí Kò Rú Èéfín
Iwin tó ń ṣọ́ àràbà ẹ̀yìnkùlé dá Ìbídùn amọ̀kòkò dúró, ó ní, “Ìwọ obìnrin, se iṣu fún mi níbí kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó bá jẹ́ kí èéfín kan ewé igi yìí, igi yóò gbé e mì.” Obìnrin mẹ́ta ti kùnà, bàtà wọn ṣì wà nídìí igi. Ìbídùn ní, “Ó dára, Bàbá.” Ẹ wo ohun tó ṣe: igi tútù àti iná tí kò rí afẹ́fẹ́ ló ń rú èéfín, amọ̀kòkò sì mọ èyí dáadáa. Ó gbẹ́ ihò kan fún iná, ó gbẹ́ èkejì síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó sì la ọ̀nà láàárín wọn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Igi gbígbẹ wẹ́wẹ́ nìkan ló kó sí i, ó sì gbé ìkòkò iṣu ka orí òkúta mẹ́ta lẹ́nu ihò iná náà. Iná ń mí láti ìsàlẹ̀, ó ń jó geere, èéfín kò yọ. “Irọ́ ni èyí!” ni iwin ké. “Iná wo ni kò ní èéfín?” “Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó, Bàbá.” Iwin tẹ orí onírun jìngbìnnì sẹ́nu ihò, irun gbaná, èéfín dúdú sì lọ bá ewé. “Èéfín tiyín rèé o, Bàbá,” ni Ìbídùn wí. Èèpo igi lanu, ó gbé iwin mì. Ìbídùn sọ ìkòkò iṣu kalẹ̀, ó sì wọlé láìbojúwẹ̀yìn.