Òròmọdìẹ Méjìlá Àwẹ̀ró

Àwẹ̀ró kò ní adìẹ kan ṣoṣo tó lè pè ní tirẹ̀. Àgbébọ̀ Ọdẹ́wálé, aládùúgbò rẹ̀, ló ń bá a sìn, àdéhùn wọn sì ni pé bó bá pamọ, wọn yóò pín ọmọ rẹ̀ dọ́gba. Nílùú wọn, a kì í pín irú adìẹ bẹ́ẹ̀ títí ogbe yóò fi yọ lórí èyí tó jẹ́ akọ, kí oníkálùkù lè rí ohun tó ń mú. Abo ni Àwẹ̀ró ń fẹ́, kí òun náà lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn tirẹ̀.

Àgbébọ̀ pa ọmọ méjìlá. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń wa ikán fún wọn, ó ń lé àwòdì títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ọjọ́ kẹjọ ni Ọdẹ́wálé yọjú, ẹni tí kò fi ẹyọ àgbàdo kan ta wọ́n lọ́rẹ rí.

"Ìyàwó, mo wá mú tèmi."

"Ẹ jẹ́ kí ogbe wọn yọ ná, Baba Ládojà."

"Ta ló ń dúró de ogbe? Èmi tí mo mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti inú ẹyin."

Ló bá gbá òròmọdìẹ mú lẹ́sẹ̀, ó dorí wọn kodò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbé orí sókè, ó ní akọ ni. Èyí tó rọ jọwọrọ, ó ní abo ni. Èyí tó bá rú u lójú, ó ń fún un nídìí, ó sì ń wo abẹ́ ìrù rẹ̀.

"Ẹ rọra, ẹ ó pa wọ́n."

Kò tilẹ̀ wò ó. Ó kó mẹ́fà tó pè ní abo sínú agbọ̀n, ó fi mẹ́fà yòókù sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Inú bí Àwẹ̀ró. Òun ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ wá ń ṣa èrè.

Méjì kú sí Ọdẹ́wálé lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Òtútù pa mẹ́ta, nítorí kò sí ìyẹ́ ìyá tí wọn yóò sá sí. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọ̀kan tó ṣẹ́ kù kọ kéékèéké. Nínú mẹ́fà Àwẹ̀ró, mẹ́rin jẹ́ abo, wọ́n sì ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ọdẹ́wálé gbé àkùkọ rẹ̀ dání, ó gba ilé baálẹ̀ lọ, ó ní Àwẹ̀ró pàrọ̀ adìẹ òun.

"Ta ló yàn wọ́n?" Àwẹ̀ró bi í níwájú baálẹ̀. "Mo ní kí ẹ dúró, ẹ kò dúró. Mo ní kí ẹ rọra, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ọwọ́ yín ni wọ́n kú sí, Baba Ládojà, n kò sì ní dá ẹyọ kan padà."

"Ti Àwẹ̀ró di ti Àwẹ̀ró," ni baálẹ̀ wí. "Ìwọ, máa gbé tìrẹ lọ."

Ìbínú mú kí Ọdẹ́wálé fún àkùkọ náà mọ́ abíyá gírígírí. Èékánná àkùkọ ya á lápá, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wọgbó lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í nini lára.