Ooru Igi Àyìn Dúródọlá

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ti fara balẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ìbídùn, opó kan ní Arórò, ni wọ́n rẹ́ jẹ, ní ọdún tí ọyẹ́ mú débi pé omi inú àmù ń kan èèyàn léyín. Ohun ìyanu pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀.

Nígbà tí Ìbídùn bí ọmọbìnrin rẹ̀, Dúródọlá, ìdí igi àyìn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ri ibi ọmọ náà mọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà Arórò. Láti ọjọ́ náà ni igi ti di ti ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi àáké kàn án. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ń kọ́ ilé bíríkì. Ó rán àwọn agégi, wọ́n gé àyìn lulẹ̀, wọ́n kó o sínú ààrò ńlá tí wọ́n fi ń sun bíríkì. Ó jó pupa, ó jó funfun, gbogbo oòrùn tí igi náà ti ń mu láti ìgbà èwe rẹ̀ sì tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iná ṣe ń ràn ni ara Dúródọlá ń tutù. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ wé e, ó dáná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi fi bíríkì náà kọ́ ilé Baálẹ̀ tán, òtútù náà kò lọ. Ẹ bá mi wò ó: ẹni tó ń kọ́lé kò tilẹ̀ béèrè ta ni òtútù máa pa nítorí ilé náà!

Ìbídùn pọn ọmọ, ó ní òun yóò wá ooru rẹ̀ kàn níbi yòówù tó bá wà. Ó wọ Igbó Kùkùté, níbi tí àwọn igi tí wọ́n ti gé ti ń fọhùn.

"Ẹ jókòó lé wa lórí, ìyá," ni kùkùté kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "iṣẹ́ tó kù tí à ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ má bínú, mi ò lè jókòó. Ọmọ mi ń tutù lọ."

Ni ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n júwe ọ̀nà fún un. Ó wọ́ Odò Èéfín kọjá, odò tó ń ta lójú bí ata, tí kò fi mọ èyí tí í ṣe omijé èéfín àti èyí tí í ṣe ti ìbànújẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Eléérú, iwin tó ń ṣọ́ eérú gbogbo igi ayé, tó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Eléérú tọwọ́ bọ eérú àyìn, ó mi orí.

"Ìyá Dúródọlá, eérú nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ooru kì í kú, ó máa ń ṣípò ni. Ti ọmọ rẹ ti wọ inú bíríkì, ó wà lára ògiri Baálẹ̀. Bí ó bá fẹ̀yìn ti ògiri náà kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, ooru rẹ̀ yóò padà sí i lára."

Ìbídùn sáré bọ̀ wálé. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wúwo, kò sunkún mọ́. Ó gba ilé Baálẹ̀ lọ tààrà, láti ẹ̀yìn ọgbà ló sì ti rí àwọn ewúrẹ́ Baálẹ̀ tí wọ́n sùn ti ògiri, tí ara wọn móoru, tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Baálẹ̀ ń sinmi," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. "Ẹ padà wá lọ́la, ìyá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tó ń mú ilé yín móoru, ẹ wádìí ara ẹni tí wọ́n ti yọ ọ́.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ìbídùn ti ẹ̀ṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn ọgbà.

"Baálẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ọmọ mi fẹ̀yìn ti ògiri yín!"

Ilẹ̀kùn náà kò ṣí títí oòrùn fi wọ̀.