Orúnkún Oyèlàmí Bíríkìlà

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí Oyèlàmí, àgbà bíríkìlà, gbádùn mọ́, ó fi yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀, ó ń dá sùn nísàlẹ̀. Ó rò pé ìsinmi ni oògùn rẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń jókòó sí ni orúnkún ń gan sí i. Àárò Àbẹ̀ní sì ń sọ ọ́.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìmárale ní ọsibítù sọ fún un pé, "Ẹ máa dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láràárọ̀. Tó bá yá, ẹ gun àtẹ̀gùn kan."

"Ẹyọ kan? Mẹ́rìndínlógún ló wà nílé mi."

"Bàbá, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Bí Àbẹ̀ní bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó gun àtẹ̀gùn náà tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bá Àbẹ̀ní lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tòun ti ẹní àti ìrọ̀rí.

"Bàbá Múyìwá, ìsàlẹ̀ ni mò ń kó bọ̀. Ó ti sú mi láti máa dá sùn."

Oyèlàmí rẹ́rìn-ín, ó gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì.