Ẹrù Wà Lórí Ọlátóún, Ọlátóún Wà Lẹ́yìn Géńdé

Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Gbogbo wa la ń pa á lówe, àfi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé pọ̀n. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́ dòwe? Omidan tó ti tó ilé ọkọ lọ ni.

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, Ìyá Ẹlẹ́bu ló ni ẹbu tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Kò bímọ. Nígbà tí ara rẹ̀ ń di ara àgbà, ó ní òun kò ní wojú ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ ru amọ̀ dé láti odò Ọ̀gẹ̀rẹ̀ ni yóò jogún ẹbu. Inú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró dùn. Ọmọ òrukàn ni, kò ní oko, kò ní ilé. Bí kò bá rí ẹbu yìí gbà, ìlú onílùú ló ń lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ọlátóún, omidan tó jẹ́ àkọ́bí Baálẹ̀, náà jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí amọ̀ wíwa. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni nílé wọn kí àkọ́bí fẹsẹ̀ tẹ ìrì, nítorí náà géńdé méjì ló ń gbà á pọ̀n fún ara wọn. Ìrì gbẹ tán, wọn kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ amọ̀ wà lórí rẹ̀, òun náà wà lẹ́yìn géńdé. Gbígbé tí wọ́n ń gbé e ti mọ́ ìlú lára, kò sẹ́ni tó kà á sí ìrànlọ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ dé. Àwẹ̀ró dé tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi wa amọ̀, orí mi ni mo fi rù ú," ni Ọlátóún wí. "Ọ̀nà ò jìn rárá, ìyá. Ẹni tó bá pẹ́, ó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ ni."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ìyá Ẹlẹ́bu dáhùn. "Ìrì ti gbẹ báyìí. Fẹsẹ̀ rìn ín lọ, kí o sì fi rìn ín bọ̀. Bí o bá ru amọ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀, tìrẹ ni ẹbu."

Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹbu, ó ń wo oòrùn.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí Ọlátóún tiro wọlé. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Ó ti da amọ̀ nù lọ́nà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ojú sì tì í gan-an.

"Ìwọ lo ni ẹbu," ló wí. "Wọ́n gbé mi pọ̀n ni, n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe fún ẹni tí nǹkan rọ̀ lọ́rùn tó ń pe aláìní ní ọ̀lẹ. Wọ́n gbà pé òun náà ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ní kó dárúkọ ẹni tó pọ̀n ọ́n, kó tó bú ẹni tó fẹsẹ̀ rìn.