Ọwọ́ Ìyá Inú Fíìmù

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ kan, a sì fi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan sí ìkáwọ́ rẹ̀. Olùdásílẹ̀ ìjọ náà ni ó ṣe fíìmù ọ̀hún nígbà ayé rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ìjọ, kí ó lè fi kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé. Nígbà tí ó ń kú lọ, ó pe alàgbà yìí, ó ní, "Ọmọ mi, máa fi hàn wọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé." Ohun tí ó sọ nìyẹn. Kò sọ pé kí ó tì í mọ́ àpótí.

Fíìmù náà kò gùn. Opó kan ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà fi ìbínú kúrò nílé, ó lọ sí ìlú ńlá. Ojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀, ó sì padà wá. Ó dúró ní etí àgbàlá, ìtìjú kò jẹ́ kí ó wọlé. Ìyá rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ibẹ̀ ni fíìmù parí sí.

Fi ọkàn sí ọwọ́ yẹn, nítorí òun ni mo ṣe ń pa àkàwé yìí fún ọ.

Lẹ́yìn ikú olùdásílẹ̀, alàgbà rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní kásẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ ẹni mímọ́ ti kàn kì í ṣe ohun tí à ń kì bọ inú ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Àwa tí a ti lo ẹ̀rọ fídíò rí mọ bí ó ṣe ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Yóò fa okùn inú rẹ̀ jáde bí ìfun adìẹ. Nítorí náà ó da ẹyọ kan kọ. Ó fi aṣọ funfun wé ti àkọ́kọ́, ó tì í mọ́ inú àpótí irin, ó ti àpótí náà sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àdàkọ ni ìjọ ń wò. Nígbà tí ẹ̀ka ìjọ tí ó wà lódìkejì odò fẹ́ ní tiwọn, wọ́n da àdàkọ kọ. Àwọn ará òkè da ti ará odò kọ. Nígbà tí ẹ̀rọ sì jẹ ti ilé ìjọsìn àgbà, wọn kò ṣí àpótí. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tí ó jìnnà jù, wọ́n gba tiwọn, wọ́n dà á kọ. Báyìí ni àdàkọ ń bí àdàkọ.

Bí a bá bu omi sí ọbẹ̀, tí a sì tún bu omi sí i, ọbẹ̀ ni a óò ṣì máa pè é, ṣùgbọ́n ahọ́n mọ̀. Àwòrán náà ń ṣá lọ. Àwọ̀ aṣọ kọ́kọ́ lọ, ó ku eérú. Ojú àwọn ènìyàn lọ, ó ku ibi tí ojú wà. Òjò funfun ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin rẹ̀, àwọn ọmọdé tilẹ̀ rò pé ìgbà òjò ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá kan ibi tí ìyá yọ sí ẹnu ọ̀nà, ohun tí ìjọ ń rí kò ju apá dúdú kan tí ó gbéra, tí ó ń mì nínú òkùnkùn.

Àwọn oníwàásù wá gun orí apá náà. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó! Ìyá tí ó bí i lọ́mọ gan-an ni ó ń lé e padà. Ẹni tí ó bá kúrò nínú agbo, ìta ni tirẹ̀." Ìjọ dáhùn pé, "Àmín!" Wọ́n fi ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ tí ó sì padà, abẹ́ igi iwájú gbọ̀ngàn ni yóò dúró sí nígbà ìsìn. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ kí i. Kí aṣọ́nà tó ti ilẹ̀kùn, yóò gbé ọwọ́ sókè sí i. Wọ́n sọ ọ́ ní ọwọ́ ìyá. Àwọn kan dúró lábẹ́ igi náà títí ó fi sú wọn. Àwọn kan kú lẹ́yìn odi. Ta ni ó sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Òjò inú kásẹ́ẹ̀tì! Èérí ara okùn! Àbàwọ́n ni wọ́n kà sí òfin, wọ́n sì fi lé ọmọ Ọlọ́run jáde nínú ilé Bàbá rẹ̀.

Ó wá kan alàgbà fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Fadérera, tẹ̀lé ọkùnrin kan tí ìjọ kò fẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà já a sílẹ̀, ó padà sílé pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó ń sùn lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì ń lọ dúró lábẹ́ igi ní gbogbo ọjọ́ ìsìn. Ìyá rẹ̀ ń jókòó nínú gbọ̀ngàn, etí rẹ̀ wà níta.

"Bàbá Fadérera, oòrùn ń pa ọmọ yẹn."

"Èmi kọ́ ni mo fi í sínú oòrùn. Ìwọ náà ṣáà ń wo fíìmù yẹn."

"Mò ń wò ó. N kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni."

"Bí mo bá gba tèmi wọlé, kí ni n óò wí fún àwọn tí mo ti lé?"

"Ẹ wí fún wọn pé ẹ ṣì wọ́n lé."

"Dákẹ́, obìnrin yìí."

Fadérera sì ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé òun kò ní dúró ju ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ lọ. Bí ìjọ kò bá gbà á lọ́jọ́ náà, yóò lọ, wọn kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àjọ̀dún náà ti ń súnmọ́lé. Ìjọ ra ẹ̀rọ tí ń ta àwòrán sára ògiri, wọ́n sì fẹ́ kí fíìmù bọ́ sórí àwo sídì. Alàgbà gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà fi sẹ́rọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Alàgbà, kí lẹ gbé wá yìí? Ọmọ ọmọ ọmọ kásẹ́ẹ̀tì nìyí o! Òun gan-an ò mọ bàbá ẹ̀ mọ́. Tí mo bá gbé eléyìí sára ògiri, èéfín tó ń kọrin lẹ máa rí. Ẹ ò ní ti àkọ́kọ́ ni?"

Alàgbà wo ilẹ̀. "Ó wà."

"Níbo?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ wá ń wo èyí?"

"Ohun mímọ́ ni."

"Ẹ má bínú sà. Ohun tí wọ́n ṣe pé kí èèyàn máa wò ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun alàgbà, ṣùgbọ́n ìjọ kò fẹ́ kí èéfín kọrin lójú àlejò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ funfun náà. Má ṣe gbàgbé èyí.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n sì fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé kí inú gbọ̀ngàn lè ṣókùnkùn. Fadérera wà lábẹ́ igi pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwòrán bọ́ sára ògiri, ariwo sọ.

"Yé è! Àṣé aṣọ ìyá yìí pupa ni!"

"Ẹ wo ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé! Ìgbà wo ni ewúrẹ́ débẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ojú yín ni ò sí ńlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí ògiri bí ọmọdé. Ó kan ibi tí ìyá ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọ ti ń wí látọjọ́ yìí pé ó ń gbàdúrà ìdájọ́ lé ọmọ náà lórí ni. Wọ́n wá rí i pé abọ́ kan ni ó ń gbé sílẹ̀. Ó fi àwo dé e, ó sì gbé fìtílà tì í. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn dé, ó tún gbé e síbẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú gbọ̀ngàn.

Ọmọ náà dé, ó dúró ní etí àgbàlá. Ìyá yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ hàn gedegbe. Omijé wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń ká wọlé, ń ká wọlé, bí èmi àti ìwọ ṣe ń pe ọmọ pé máa bọ̀.

Obìnrin kan tí wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí tí ó fi kú síta ni ó kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ó ń pè é ni! Ẹ ní ó ń lé e!"

Alàgbà dìde. "Ẹ dá a dúró! Wọ́n ti yí i padà. Kí ni kọ̀ǹpútà ò lè ṣe láyé yìí? Èyí tí à ń wò tẹ́lẹ̀ ni òtítọ́."

Àgbà kejì ní, "Òótọ́ ni alàgbà sọ. Èyí mọ́lẹ̀ jù."

Ó mọ́lẹ̀ jù! Ẹ gbọ́ o! Àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó mọ́lẹ̀ jù! Láti inú àpótí ta ni kásẹ́ẹ̀tì náà ti jáde? Bẹ́ẹ̀ ni alàgbà yìí ti rí àwòrán náà rí ní ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí olùdásílẹ̀ fi hàn wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ti wo òjò fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi kọ oòrùn sílẹ̀.

Ìyá Fadérera kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó gbé ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ó sì ń ká ìka wọlé.

Ṣùgbọ́n oòrùn wà lójú ọmọ náà, gbọ̀ngàn tí ó wà lẹ́yìn ìyá sì ṣókùnkùn. Kò rí ìka, kò rí ojú. Apá dúdú kan ni ó rí, tí ó yọ láti inú òkùnkùn tí ó sì ń mì. Nínú ìjọ yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó mọ ohun tí apá yẹn túmọ̀ sí kí ó tó mọ̀wé kà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

"Fadérera! Mò ń pè ọ́ ni!"

Wọ́n ti dá orin sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn láti fi bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀. Orin bo ohùn ìyá náà pẹ̀lú. Nígbà náà ni ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó sì sáré. Gèlè rẹ̀ já bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ìkóríta tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò ni ó ti bá a, ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ó fa aṣọ rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ṣáà ti lé mi."

"Ta ló lé ọ? Mò ń pè ọ́, ò ń sá lọ! Ojú ẹ ti fọ́ bíi ti bàbá ẹ."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ẹnu ọmọ náà. Ìyá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ gba ọ̀nà ilé lọ. Kò kọjá sí gbọ̀ngàn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá kí òun ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti dá àwòrán dúró. Ọwọ́ ìyá inú fíìmù wà lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń pe ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà jókòó sí, tí wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí èwo ni ojúlówó. Alàgbà ni wọ́n fi ṣe alága. Kò tíì mọ̀ pé ọmọ òun ti wọlé.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mò ń bá wí. O wá bi mí léèrè bóyá ó tọ́ kí o gba ọmọ rẹ tí ó padà dé, o sì ń ka ohun tí oníwàásù kan gbọ́ lẹ́nu oníwàásù mìíràn sí mi létí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nílé rẹ. O fi aṣọ funfun wé e, o gbé e sórí àga, o ń bẹ̀rù kí ó má baà gbó. Àdàkọ àdàkọ ni ò ń jẹ, òun ni o sì fi ń ṣe òfin fún ẹran ara rẹ. Bí ẹnì kan bá ka ti àkọ́kọ́ sí ọ létí, ìwọ náà yóò ní ó mọ́lẹ̀ jù. Ojú kò tì ọ́?

Mo gbọ́ tí o wí pé o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lánàá, pé o juwọ́ sí i, kò sì wá. Báwo ni yóò ṣe wá? Ọwọ́ kan náà ni o fi lé e. Kò ní mọ ìyàtọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, má sì dá a lẹ́bi. Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀. Ká aṣọ rẹ sókè, kí fìlà rẹ já bọ́ bí ó bá fẹ́ já bọ́, kí o sì sáré. Ọmọ tí a ti fi ọwọ́ lé, ẹsẹ̀ ni a fi ń pè é.

Dìde níbí yìí. Ọkọ̀ kò ní dúró dè ọ́.