Àkísà Inú Agbọ̀n Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ìbídùnní, ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà, ni wọ́n rán wá sí Ìta-Aláró nígbà ọlidé gígùn kan pé kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Kì-Í-Dilẹ̀. Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n ń lò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ àdúgbò tó bá ṣáà ti fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó wọlé ni. Lọ́jọ́ tí Ìbídùnní dé, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlàmí, olórí ẹgbẹ́ náà, sọ fún un pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn tìtorí rẹ̀ pè é.

"Ojú Ìyá Ẹlẹ́kọ, àgbà aláàdìrẹ wa, ti ń ṣú," ni ó wí. "Kó tó ṣú tán, jókòó tì wọ́n, kí o kọ́ gbogbo ọnà àdìrẹ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ, ó parí nìyẹn."

"Ẹ má ṣe ìyọnu, sà. Mo máa kọ́ ọ tán," ni Ìbídùnní dáhùn. Orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ lááfún ni Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ náà, á fi ya ọnà sára aṣọ funfun, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un, ọnà á sì yọ. Ìyá fẹ́ràn àwàdà. Bí ìlà Ìbídùnní bá wọ́, á gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú, á ní, "Ìyàwó ilé, ejò lo yà yìí ni, àbí ẹni tó mu ẹmu yó?" Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìbídùnní tètè dé. Ó bá Ìyá lórí ìjókòó pẹ̀lú agbọ̀n kan lẹ́sẹ̀. Bí Ìyá ṣe gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ni ó yára ti agbọ̀n náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló wà nínú agbọ̀n yẹn, Ìyá?"

"Àkísà ni. Kí ló kàn ọ́ kan àkísà? Bu ẹ̀kọ wá, jàre."

Ìbídùnní bu ẹ̀kọ wá, ọ̀rọ̀ agbọ̀n sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí ọlidé ń parí lọ, aṣọ tí Ìbídùnní fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti kún okùn ìsáṣọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá ṣe kún okùn kejì. Inú rẹ̀ dùn, ó ń jó yí ká àgbàlá.

"Ìyá, ẹ wò ó! Mo ti láṣọ bíi tiyín!"

"O láṣọ lóòótọ́," ni Ìyá wí. "Ó ku ọnà kan péré, Ìyàwó-Ń-Relé-Ọkọ. Òun ni ìyá mi kọ́ mi gbẹ̀yìn. N óò lọ sí ìkómọjáde ọmọ-ọmọ mi ní Ẹdẹ. Tí mo bá dé, màá fi lé ọ lọ́wọ́."

Kò tíì dé nígbà tí àwọn àlejò tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ tún òrùlé ṣe ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìkòkò aró kan sán, tí aró sì dà sílẹ̀ káàkiri yàrá. Ìbídùnní sáré dìde. Ó wá aṣọ ìnulẹ̀, ó wá kànìnkànìn, kò rí nǹkan kan tó lè fa omi. Ìgbà náà ni ó rántí agbọ̀n abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ṣebí àkísà ni Ìyá pè é? Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ láìwo ojú wọn, ó fi nu aró náà títí ilẹ̀ fi gbẹ, ó sì fi èyí tó kù nu ara àwọn ìkòkò. Ọmọ tó mọ́ra ni. Ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sì sá wọn. Àwọn àlejò yin ìmọ́tótó ilé náà títí, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlàmí sì ń fi Ìbídùnní yangàn.

Ìyá dé lọ́jọ́ kejì, ó gbé àkàrà ìkómọ wá fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá abẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ìbídùnní, àkísà mi dà?"

"Mo ti bá yín fọ̀ wọ́n, Ìyá. Wọ́n wà lórí okùn."

Ìyá rìn lọ síbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, ó gbé òmíràn. Gbogbo wọn ti dúdú, aró ti gbé ojú funfun wọn mì. Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá mi nìyí," ni ó wí. "Ìyá mi lo fi nulẹ̀ yìí."

Ara àkísà wọ̀nyẹn ni ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ dán ọnà kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó tún ṣe. Ìbídùnní wó lulẹ̀ lórí eékún, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò mọ̀. Ẹ dárí jì mí."

"O bi mí, mo sì lé ọ," ni Ìyá wí. "Láràárọ̀ kí o tó dé ni mo máa ń wò wọ́n kí n tó lè yà á fún ọ. Orí mi kò gbé e mọ́. Ojú ló ń tì mí, n kò fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti ń gbàgbé."

Síbẹ̀ Ìyá gbìyànjú. Ó na aṣọ funfun sílẹ̀, ó ya ọ̀nà, ó ya àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, ó ya igbá tí wọ́n rù. Nígbà tó kan ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dúró títí ẹ̀kọ fi gbẹ lẹ́nu ìyẹ́. Ìbídùnní kò lè wo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rẹ aṣọ náà láró, ó sì wà lára ògiri ilé ẹgbẹ́ títí dòní. Ìyàwó náà kò tíì délé ọkọ.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùnní ń padà sílé ìwé, Ìyá fọwọ́ kan báàgì rẹ̀ tó kún dẹ́nu. "Aṣọ rẹ pọ̀, ọmọ mi, ó tó tèmi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Àkísà ni o kò tíì ní." Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun ọmọ náà wọra.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè ní ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ìyá Ìyá Ẹlẹ́kọ. A gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní Ìta-Aláró, aṣọ ara ògiri yẹn ni wọ́n ń nàka sí tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.