Ọ̀pẹ́gbèmí àti Ẹbọ Èémí

Wọlé-Wọ́ọ́rọ́ àti Jáde-Wọ́ọ́rọ́, àwọn awo tí ń gbé inú imú tí ẹnikẹ́ni kì í rí ilé wọn, àwọn ló dífá fún Ọ̀pẹ́gbèmí, adẹ́mu, lọ́jọ́ tó ń gun ọ̀pẹ tẹ̀rù-tẹ̀rù.

Ẹ má fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Bàbá bàbá rẹ̀ náà já bọ́. Nílé wọn, ara òkú ni wọ́n ti ń bọ́ igbà, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó dàgbà débi tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ sára ògiri.

Ó bi Ifá bóyá ikú ọ̀pẹ ni òun náà yóò kú. Wọ́n ní kò ní kú u, ẹbọ ni kó rú: ẹyẹlé, ẹmu àkọ́dá òwúrọ̀, àti èémí rẹ̀. Kó tó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pẹ, kó jókòó sídìí rẹ̀, kó fi imú fa èémí títí yóò fi kan ikùn, kó sì rọra tú u sílẹ̀ bí ìyá ti ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi wà níbi tí ara rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rù bá bà á lókè, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ́gbèmí rú ẹyẹlé, ó rú ẹmu. Nígbà tó kan èémí, ó pòṣé. "Èyí tí ewúrẹ́ ń mí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ní kí n wá fi rúbọ?" Ẹbọ tí kò ná ọmọ aráyé ní nǹkan ló ń nira fún un jù.

Lọ́jọ́ kan, agbọ́n ta á lókè ọ̀pẹ. Adẹ́mu kì í fi igbà sílẹ̀ torí agbọ́n, ṣùgbọ́n ìwàdùwàdù ti gbé e, ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó yọ̀ wálẹ̀, èèpo ọ̀pẹ ń bó o láyà, àfi ìgbà tí okùn há sára kùkùté imọ̀ kan.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ń fi òrí pa á láyà. Ó ní, "Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, ẹyẹlé lẹ fún àwọn awo. Ṣé ẹyẹlé ló ń gun ọ̀pẹ ni?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sídìí ọ̀pẹ kó tó gùn ún, tó ń mí bí awo ti wí. Àwọn tí ń lọ oko a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Adẹ́mu, ṣé ọ̀pẹ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ?" Òun náà a rẹ́rìn-ín, a tún mí.

Lówùúrọ̀ kan tó wà lókè ọ̀pẹ, ejò dúdú yọrí láàárín imọ̀, ó sún mọ́ ojú rẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fò kúrò lára igbà. Ó fa èémí. Ó tú u sílẹ̀. Ó gbóòórùn ẹmu, ó mọ okùn lábẹ́ ìka rẹ̀, ó rí i pé orí ọ̀pẹ tirẹ̀ ni òun wà, kì í ṣe orí èyí tó pa bàbá òun. Ejò gba orí apá rẹ̀ kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó da ẹmu sídìí ọ̀pẹ, ó sunkún ayọ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá, Ifá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tó fi èémí sí wa nímú láìdíyelé e.

Ààbọ̀ ẹbọ, ààbọ̀ ìgbàlà ni. Ẹni tó rú u pé, tó tún gbọ́ràn sí awo lẹ́nu, ire kò ní ṣìnà ilé rẹ̀.

Ọ̀pẹ́gbèmí darúgbó. Lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ kọ ọ̀pẹ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbà kọ́ sára ògiri, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.